Ọ̀dà Tuntun, Páìpù Àtijọ́

Ilé náà wà ní Alief, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, àdúgbò tí kò ti ṣòro láti rí èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí rà. 1971 ni wọ́n kọ́ ọ. Yàrá mẹ́rin ni, balùwẹ̀ méjì. Ẹni tó ń tà á kò gbé inú rẹ̀ rí. Ó rà á lówó pọ́ọ́kú, ó kùn ún ní funfun nínú lóde, ó tẹ́ ilẹ̀ tuntun sí i, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù tuntun mọ́ kíṣìnnì, ó sì gbé e padà sọ́jà kí ọ̀dà tó gbẹ tán.

Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò rà á. Ní Texas, ìfọwọ́sí yẹn kò tíì dè wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n ti san owó kékeré kan lọ́tọ̀, ohun tí owó náà sì rà fún wọn ni ọjọ́ méje. Láàárín ọjọ́ méje yìí, wọ́n lè sọ pé àwọn ò ṣe mọ́ láìwí ìdí kankan, kí àsansílẹ̀ wọn sì padà sọ́wọ́ wọn. Owó kékeré yẹn nìkan ló máa lọ. Òfin kọ́ ló ń yan iye ọjọ́ náà, olùrà àti olùtà ló ń dúnàádúrà lé e. Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ni ọjọ́ kẹta bọ́ sí, ọjọ́ náà ni wọ́n sì pe ayẹléwò.

Aago 7:35 àárọ̀

Ayẹléwò ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ sì wà lápò rẹ̀. Láti 1985 ni Texas ti ń fi òfin mójú tó àwọn oníṣẹ́ yìí. Texas Real Estate Commission, àjọ tó ń rí sí títà àti rírà ilé, ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. California, pẹ̀lú gbogbo bí ilé ṣe wọ́n tó níbẹ̀, kò ní irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní tọ́ọ̀ṣì àti àkàbà lè jí lárọ̀ọ́ ọ̀la kó pe ara rẹ̀ ní ayẹléwò.

Kò tíì mú irinṣẹ́ kankan jáde nínú ọkọ̀. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ ló sì ń wò. Amọ̀ tó ki ló pọ̀ jù ní Houston. Bí òjò bá rọ̀, á mu omi, á wú. Bí ọ̀dá bá dá, á súnkì, á sán. Orí irú ilẹ̀ tí kò jókòó sójú kan yìí ni wọ́n da kọ̀ǹkéré pẹlẹbẹ sí, ohun tí àwọn bíríkìlà wa nílé ń pè ní Jámánì fúlọ̀, òun náà sì ni ìpìlẹ̀. Bí apá kan ilẹ̀ bá gbẹ tí apá kejì tutù, ilé á tẹ̀.

Ó ya fọ́tò igun kọ̀ǹkéré kan tó já lẹ́yìn ilé. Ìyẹn kò já mọ́ nǹkan, ó wọ́pọ̀. Ó ya fọ́tò ibi tí ìlà kan ti ń gun àárín bíríkì bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá. Káàdì báńkì lè wọ ojú rẹ̀. Ìyẹn já mọ́ nǹkan díẹ̀. Igi ńlá kan dúró nítòsí ògiri, gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi lábẹ́ ilé. Ẹni tó gbin òdòdó síwájú ilé sì ti kó yẹ̀pẹ̀ bo etí kọ̀ǹkéré mọ́lẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ínṣì mélòó kan rẹ̀ máa hàn síta, nítorí abẹ́ irú yẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ikán máa ń gbà wọlé láìsí ẹni tó rí i.

Aago 8:05

Tọkọtaya dé, éjẹ́ǹtì wọn tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì, ibi iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ò bá lọ sùn ná.”

“Bọ̀ọ̀dá, ta ni yóò sùn? Gbèsè ọgbọ̀n ọdún la fẹ́ tọrùn bọ̀.”

Éjẹ́ǹtì ní ọ̀pọ̀ oníbàárà òun kì í dé títí iṣẹ́ yóò fi parí, wọ́n á wá gbọ́ àkópọ̀ níwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á lọ. Èmi ò fara mọ́ irú ìmọ̀ràn yẹn rárá. Ìwé tí ayẹléwò máa kọ yóò nípọn, fọ́tò yóò kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ló fi máa ń sọ̀rọ̀ nípa súwíìṣì tó mì àti páìpù tó jẹrà. Ojú ẹni tó ń wò ó nìkan lèèyàn ti lè mọ èyí tó wúwo. Ẹni tó bá lè ráyè, kó tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ayẹléwò mú ìwé àdéhùn jáde. Ohun tí ojú lè rí tí ọwọ́ sì lè dé ló máa yẹ̀ wò. Kò ní gbé àga onílé kúrò, kò ní dá ògiri lu, kò ní sọ iye ọdún tí nǹkan kan kù láti lò. Èébu, òjé inú ọ̀dà àtijọ́ àti asbestos kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ti ikán náà yàtọ̀: ìwé àṣẹ mìíràn ni, Texas Department of Agriculture ló ń fún ni, ẹni tó ní in sì ń bọ̀ tó bá yá. Ilé tó tó báyìí, owó iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 300 àti 500 dọ́là. Kámẹ́rà páìpù lówó tirẹ̀. Lẹ́sẹ̀ ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí àṣìṣe bá wáyé, ohun tí oníbàárà lè gbà padà kò ní ju owó iṣẹ́ náà lọ.

Bàbá Ìbejì gbójú sókè. “Bọ̀ọ̀dá, bí ohun tí ẹ ò rí bá wá bàjẹ́ lọ́la ńkọ́?”

“Bó bá jẹ́ ohun tó yẹ kí n rí, ẹ pè mí lẹ́jọ́. Bó bá wà nínú ògiri, tẹ̀yin àti Ọlọ́run ni.”

Wọ́n fọwọ́ sí i.

Aago 8:30

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni n'Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, tó ti kọ́lé mẹ́ta fúnra rẹ̀, pè lórí WhatsApp pé kí wọ́n gbé fóònù sókè kóun náà rí ilé. Wọ́n fi gáréèjì hàn án níbi tí wọn ò ti bo ògiri.

“Páákó! Páákó ni gbogbo èyí? Bíríkì ìta yẹn ńkọ́?”

“Aṣọ ni, Ẹ̀gbọ́n. Òun kọ́ ló gbé ilé ró.”

“Ẹ wá ń sanwó fún ẹni tó ń wo ilé tí ẹ ò tíì rà?”

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. N'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹni tó fẹ́ ra ilé mọ ibi tí ẹ̀rù wà: ọmọ onílẹ̀ tó tà á fún ẹni méjì, ìwé sọ̀fíò tí kò bá ilẹ̀ mu, C of O ayédèrú. Lọ́yà ló ń sáré kiri nítorí èyí, ẹnikẹ́ni kì í sì í ronú kan páìpù. Ní Houston, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń yẹ ìwé ilé wò láti ẹ̀yìn wá, tó sì ń ta ìbánigbófò lé e lórí, nítorí náà olùrà lè sùn lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Abẹ́ ilẹ̀ àti òkè àjà ni kò gbọdọ̀ sùn lé.

Ní gbogbo àkókò yìí, ayẹléwò ti wà lórí òrùlé. Kì í ṣe páànù, shingles ni, bébà ọ̀dà tó nípọn tí wọ́n tò lé ara wọn. Rọ́bà tó di ìdí páìpù afẹ́fẹ́ ti sán nínú oòrùn. Ibẹ̀ ni òjò yóò kọ́kọ́ gbà wọlé. Àmì yìnyín wà káàkiri ṣùgbọ́n kò tíì fọ́ ọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló fún wọn: kí wọ́n pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n béèrè bóyá wọ́n á gba òrùlé tó ti dàgbà tó báyìí. Ilé tí kò rí ìbánigbófò, báńkì kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó lé e.

Aago 9:20

Àpótí iná wà nínú gáréèjì. Tuntun ni, ó mọ́, orúkọ gbogbo yàrá wà lára rẹ̀. Éjẹ́ǹtì ní, “Ẹ̀ ń wò ó, wọ́n ti pààrọ̀ iná.” Ayẹléwò kò fèsì. Ó fi irinṣẹ́ kan kan ìdérí wò bóyá iná wà lára rẹ̀, ó tú súkúrù mẹ́fà, ó kó wọn sínú fìlà rẹ̀, ó sì gbé ìdérí náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ súnmọ́ bí. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ wo lẹ rí?”

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rí i. Ibi tí rọ́bà ti parí lórí wáyà, kò pọ́n bíi bàbà. Ó funfun, ó ń dán bíi ṣíbí.

Alumíníọ̀mù ni. Láàárín nǹkan bí 1965 àti 1973, nígbà tí bàbà wọ́n, alumíníọ̀mù ni àwọn kọ́lékọ́lé Amẹ́ríkà fi fa iná sí ọ̀pọ̀ ilé. Wáyà náà fúnra rẹ̀ kò burú. Ojú ibi tó ti so mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì ni ìyọnu wà. Bí iná bá ń kọjá, á gbóná, á fẹ̀. Bó bá tutù, á súnkì. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ojú súkúrù á dẹ̀, ibẹ̀ á máa gbóná, ìta kò sì ní mọ̀ títí ògiri yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Consumer Product Safety Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ewu ohun tá à ń rà, sọ pé nínú ilé tí wọ́n fi wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣe ṣáájú 1972 fa iná sí, ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po 55 ju ti bàbà lọ kí ojú ìsopọ̀ kan ní sọ́kẹ́ẹ̀tì gbóná dé ìwọ̀n tó lè fa iná.

Ó pa iná yàrá kan, ó sì tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan nínú rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì funfun báláú, tuntun, bíi gbogbo èyí tó wà nínú ilé. Ó yí ojú rẹ̀ padà, ó ń wá lẹ́tà CO/ALR, àmì pé wọ́n ṣe é fún alumíníọ̀mù. Kò sí. Ẹni tó tún ilé ṣe ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti pupa, ó sì ti fi èyí tó lẹ́wà tó sì léwu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà, èyí ló bí mi nínú jù, nítorí pé ọ̀dà lè jẹ́ ìgbéraga lásán, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni yìí ti ná owó rẹ̀ ló ti dá ewu sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì bi í pé ṣé gbogbo wáyà ni wọ́n máa hú jáde. Ó ní kò di dandan. Oníná tó ní ìwé àṣẹ lè fi ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún un so wáyà bàbà kékeré mọ́ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo súwíìṣì, gbogbo ojú gílóòbù ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún méjì.

Aago 10:15

Àjà. Oṣù kẹfà ni, inú àjà Houston lè kọjá 120 lórí ìwọ̀n Fahrenheit nígbà tó bá dọ̀sán. Ìdí nìyẹn tí ó fi tètè gùn ún. Kò pẹ́ níbẹ̀. Fáànù balùwẹ̀ tó yẹ kó máa tú ooru síta, inú àjà ló ń tú u sí. Eku ti ṣe ìtẹ́ nínú òwú tó ń dènà ooru. Igi òrùlé pé, kò sẹ́ni tó gé e. Ó sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti mu ún dé bàtà.

Aago 10:50

Ẹ̀rọ amúlétutù: ó fi tẹmómítà sí ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ àti ibi tó ń tú u sí. Àlàfo tó dára jẹ́ nǹkan bí 15 sí 20 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Tiwọn jẹ́ 13. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ ìta fi hàn pé 2006 ni wọ́n ṣe é, gáàsì R-22 ló sì ń lò, èyí tí Amẹ́ríkà ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó rẹ̀ wọ̀lú láti 2020. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Bó bá jò, iye tí wọ́n á fi wá gáàsì kún un á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wọn ronú lórí tuntun.

Ẹ̀rọ omi gbígbóná ló mú kó dúró. Lára gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, fáàfù kan wà tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ooru bá dé 210 lórí ìwọ̀n Fahrenheit tàbí bí agbára inú rẹ̀ bá dé 150 psi. Omi tó bá tú jáde yóò gba páìpù kan síta. Ẹnì kan ti fi ìdérí dí ẹnu páìpù náà, bóyá nítorí pé ó ń kán. “Bí tẹmómítà inú rẹ̀ bá kú lọ́jọ́ kan,” ayẹléwò wí, “bọ́ǹbù ni yóò dà.” Àtúnṣe rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Ẹni ikán dé, ó fi irin ṣóńṣó gún ìdí ògiri káàkiri. Kò rí ikán tó wà láàyè. Ó rí ojú ihò ìtọ́jú àtijọ́ nínú kọ̀ǹkéré, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Nínú ilé, ayẹléwò gbé irinṣẹ́ kan tó ń wọn gíga ilẹ̀ lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ kò tẹ́ dọ́gba, ó fi ínṣì kan ààbọ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ibi tó sì ga jù ni ọ̀nà tó lọ sí balùwẹ̀. Ó wo orí ilẹ̀kùn yàrá kejì. Wọ́n ti fá a. Ilẹ̀kùn náà ti ń há, dípò kí wọ́n béèrè ohun tó ń há a, wọ́n fá a, wọ́n sì kùn ún.

Aago 12:10 ọ̀sán

Wọ́n jáde síwájú ilé, níbi tí ẹnu páìpù ìdọ̀tí ti yọ díẹ̀ lórí koríko. Bàbá Ìbejì ti fẹ́ yẹ kámẹ́rà sílẹ̀ láti fi tọ́jú owó. Ìyá Ìbejì ló kọ̀. Ayẹléwò ní kí wọ́n lọ ṣí gbogbo omi inú ilé, kí wọ́n sì kún ọpọ́n ìwẹ̀ méjèèjì.

Kámẹ́rà náà kò ju àtàǹpàkò lọ, iná kékeré yí ojú rẹ̀ ká, ó wà lórí wáyà líle gígùn. Àwọn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì kékeré kan lábẹ́ igi. Apá tó lọ sójú títì jẹ́ páìpù funfun, ó mọ́. Ó yí i padà sí ìhà ilé. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ bàtà, àwòrán di pupa rúsúrúsú: irin, irin 1971. Ìpẹtà ti hu sára rẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Omi bo ojú kámẹ́rà, ó kúrò, ó tún bò ó. Páìpù ti tẹ̀ nínú níbẹ̀, omi kò sì ṣàn tán.

Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ páìpù pòórá. Òkè rẹ̀ ṣì wà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì wà, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí irin wà nísàlẹ̀, ilà gígùn kan ló là á, yẹ̀pẹ̀ dúdú sì hàn gbangba nínú rẹ̀. Omi tí wọ́n ṣí nínú balùwẹ̀ dé lójú wọn, ó kó sínú ilà náà, kò sì jáde níwájú.

“Ibo lèyí wà?” Ìyá Ìbejì béèrè.

Ó mú ẹ̀rọ tó ń wá kámẹ́rà lábẹ́ ilẹ̀, ó wọlé, ó rìn ín títí ẹ̀rọ fi dún. Ọ̀nà balùwẹ̀ ni. Ibi tí ilẹ̀ ti ga jù.

Gbogbo ohun tí wọ́n ti rí láti àárọ̀ so pọ̀ níbẹ̀. Omi ìdọ̀tí ti ń jò sínú amọ̀ lábẹ́ àárín ilé, igi ńlá sì ń fa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibì kan tutù, ibì kan gbẹ, kọ̀ǹkéré tẹ̀, bíríkì là, ilẹ̀kùn há. Ayẹléwò sọ fún wọn pé ìpìlẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kò tíì burú dé ibi tí òun máa bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá san owó tún ìpìlẹ̀ ṣe kó tó tún páìpù ṣe ti da owó rẹ̀ sómi. Púlọ́ḿbà tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wá dí ẹnu páìpù, kó kún un fọ́fọ́, kó wò bóyá omi á máa fà. Bó bá fà, ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilé wọlé, tàbí kí wọ́n fọ́ ilẹ̀ láti inú. Ilẹ̀ tuntun tó ń dán yẹn ni wọ́n á fọ́.

Éjẹ́ǹtì kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Aago 1:20

Ìyókù yára. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ síńkì kò ní GFCI, ohun tó ń pa iná kó tó gbé èèyàn. Sítóòfù kò ní irin tó ń dì í mọ́lẹ̀ kó má dojú bolẹ̀ bí ọmọdé bá gun ilẹ̀kùn rẹ̀, Ìyá Ìbejì sì kọ èyí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Fèrèsé méjì kò ṣí, ọ̀dà ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín nínú yàrá kankan.

Ìyá Ìbejì wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀: ṣé omi wọ ilé yìí nígbà ìjì Harvey? Ní oṣù kẹjọ 2017, ilé tó ju 150,000 lọ ni omi wọ ní Harris County. Láti oṣù kẹsàn-án 2019, òfin Texas sọ pé kí olùtà kọ ohun tó bá mọ̀ nípa irú omi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbé inú ilé rí kọ pé òun kò mọ̀, òfin kò sì lè mú un. Ayẹléwò wo inú gáréèjì bóyá wọ́n ti gé ògiri bébà ní gíga kan náà yíká, àmì pé wọ́n yọ ohun tó rin. Kò rí i. Ó ní ibi tí òun lè dé mọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì kọjá títì, ó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Bàbá arúgbó ará Vietnam kan ló jáde, ó ti ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó bí Ìyá Ìbejì. Ó fi ọwọ́ sí orókún: títì ni omi dé, kò wọ ilé kankan lápá ibí. Kò sí fọ́ọ̀mù tó ní àyè fún irú ẹ̀rí yìí, òun náà ni mo sì máa fọkàn tán jù.

Aago 2:00

Wọ́n dúró yí tábìlì kíṣìnnì ká.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà wá nímọ̀ràn bí àbúrò yín. Ṣé ká rà á?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mi ò lè dáhùn ìyẹn. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ rà á, mo di éjẹ́ǹtì. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ má rà á, mo di àna yín. Ohun tó wà nínú ilé ni mo mọ̀.”

Kò ní sọ iye tí ilé yẹ kó jẹ́, kò sì lè gba iṣẹ́ àtúnṣe ilé tí òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Òfin kò fẹ́ kí ẹni tó ń wá àléébù jẹ èrè lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó na ìka mẹ́ta sókè: páìpù, wáyà, ẹ̀rọ omi gbígbóná. Ó ní gbogbo ìyókù kò ju ohun tí ilé tó dàgbà tó báyìí máa ń ní lọ.

Aago 8:45 alẹ́

Ìwé àbọ̀ dé lórí íméèlì. Ojú ewé 58. Fọ́ọ̀mù tí ìpínlẹ̀ ṣe fún gbogbo wọn ni: àmì mẹ́rin ló wà níwájú nǹkan kọ̀ọ̀kan. I ni pé ó wò ó, NI ni pé kò wò ó, NP ni pé kò sí níbẹ̀, D ni pé ó ní àléébù. Bàbá Ìbejì, tí kò dúró títí dópin lọ́sàn-án nítorí ìpè ibi iṣẹ́, ka D títí ó fi dé 41, ó sì ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀. “Ilé yìí ti féèlì.”

Kò sí ilé tó ń féèlì, kò sì sí èyí tó ń yege. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́dún yìí náà máa ní D tirẹ̀. Ayẹléwò Texas gbọ́dọ̀ fi D sí ewu kan, kódà bí òfin kò bá béèrè ohun tó ń dènà rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ilé. 1971 kò mọ GFCI kíṣìnnì, síbẹ̀ D ló gbà. Ìyá Ìbejì, tó ti sun wákàtí mẹ́ta péré láti àná, gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án: èyí, súwíìṣì ni, èyí, káfíńtà á ṣe é ní ọ̀sán kan, èyí, wò ó dáadáa.

Aago 10:20

Wọ́n pe éjẹ́ǹtì. Kí ni wọ́n máa béèrè? Ó dábàá pé kí olùtà tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìyá Ìbejì ní rárá: ẹni tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú sórí alumíníọ̀mù, òun náà ni yóò tún wá wá púlọ́ḿbà olówó pọ́ọ́kú. Kó gé owó kúrò lórí ilé, kí àwọn fúnra wọn pe oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló tọ̀nà.

Lẹ́tà tí éjẹ́ǹtì kọ fún olùtà kò gùn. Kí ó jẹ́ kí púlọ́ḿbà wá dán páìpù wò lọ́jọ́ Ajé. Kí iye tí púlọ́ḿbà àti oníná bá kọ sílẹ̀ jáde nínú owó ilé. Kí ó ṣí ẹnu páìpù ẹ̀rọ omi gbígbóná lọ́la, bí ilé bá tà bí kò bá tà. Òrùlé, amúlétutù, fèrèsé, eku: wọn kò mẹ́nu bà wọ́n. Ọjọ́rú ni ọjọ́ keje, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀tọ́ wọn sì máa parí; bí olùtà bá ń fi falẹ̀, wọ́n á sanwó kún un kí ọjọ́ lé sí i, tàbí kí wọ́n jáde kó tó lu aago márùn-ún.

Éjẹ́ǹtì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí wọ́n kà á kó tó lọ. Ìyá Ìbejì pa gbólóhùn kan rẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó sọ pé ilé náà wù wọ́n gan-an. Aago 10:41 ni ó lọ.